Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀ Tí A Rà?

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó yà sí àwọn àdúgbò tuntun tí ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà náà ní Ìbàfò tàbí Mowé, kò ní í pẹ́ kí ó tó rí àkọlé kan tí a fi ọ̀dà kọ gàdàgbà sí ara ògiri. Èdè òyìnbó ni a fi kọ ọ́, ohun tí ó sì ń wí ni pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ayé, ilé tí a fẹ́ tà ni a máa ń gbé àkọlé sí. Ní ti wa, ilé tí a kò tà ni ó ń kígbe. Ẹni tí ó ni ín ń bẹ̀rù pé bí òun bá rìnrìn àjò, ayálégbé, ìbátan, tàbí ajìbìtì kan tí òun kò mọ̀ rí lè ta ilé náà fún ẹlòmíràn, kí ẹni tí ó rà á sì fi gbogbo ọkàn gbà pé òun ti di onílé.

A máa ń sọ pé ìwà ọ̀kánjúwà ni ó fa èyí. N kò sọ pé kò sí ọ̀kánjúwà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí ó ti ń ta gbòǹgbò.

Láyé àtijọ́, ilẹ̀ kì í ṣe ohun títà láàrin wa. Ẹbí ni ó ni ín. Àwọn tí ó ti kú, àwọn tí ó wà láàyè, àti àwọn tí a kò tí ì bí jọ ni ín ni. Olórí ẹbí kàn ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀ ni. Bí àlejò bá dé, tí ó ń wá ibi tí yóò fi orí pamọ́ sí, tí yóò sì dáko, yóò gbé obì àti ọtí lọ bá olórí ẹbí, wọn yóò sì fi ilẹ̀ hàn án. Lọ́dọọdún ni yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀: iṣu díẹ̀, àgbàdo, tàbí ẹmu. Ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí pé ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe iye owó ilẹ̀. Ẹ̀rí ni ó jẹ́ pé àlejò náà kò gbàgbé ẹni tí ó gbà á. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń san án, tí kò hùwà ọ̀dàlẹ̀, a kò lè lé e, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa lo ilẹ̀ náà lọ. Kò gbọdọ̀ tà á. Kò tilẹ̀ gbọdọ̀ gbin igi tí ó ń pẹ́ láyé, bí obì tàbí kòkó, láìgba àṣẹ, nítorí pé ẹni tí ó gbin irú igi bẹ́ẹ̀ ń sọ pé òun ni òun ni ilẹ̀.

Èkó ni àṣà yìí ti kọ́kọ́ pàdé ìwé. Àwọn olóyè Ìdéjọ ni onílẹ̀ níbẹ̀: Olúwa, Olótò, Ojòrá, Onírù, Àrómirẹ́, Ẹlẹ́gùṣì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí ìtàn sọ pé ọmọ Ọlọ́fin ni wọ́n. Ní àwọn ọdún 1850, àwọn Sàró láti Freetown àti àwọn Àgùdà láti Brazil ń padà bọ̀ wálé. Ní ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ti rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í gba ènìyàn nílé ẹjọ́. Ìwé ni wọ́n ń fẹ́, Ọba Dòsùnmú sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ìwé ilẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, tí a fi agbára gba Èkó lọ́wọ́ ọba kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ síwájú nínú fífúnni ní ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn Ìdéjọ kò fi ìgbà kan gbà pé ọba lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ kan ṣoṣo ti ń ní olówó méjì: ẹni tí ó ní ìwé, àti ẹni tí ó ní ìtàn.

Èbúté Mẹ́tta wà lára àwọn ibi tí a kọ́kọ́ tẹ̀ dó ní ẹ̀yìn erékùṣù. Àwọn onígbàgbọ́ tí ó sá kúrò ní Abẹ́òkúta nígbà Ìfọ́lé, ní ọdún 1867, ni Gómìnà Glover fún ní ilẹ̀ níbẹ̀.

Ẹjọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti Àpápá. Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ níbẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, wọ́n sì sọ pé Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, kò ní ẹ̀tọ́ sí owó ilẹ̀ gan-an, bí kò ṣe sí ìwọ̀nba ohun tí ó ń rí gbà gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Nípa bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ìṣákọ́lẹ̀ díwọ̀n ilẹ̀, bí ẹni tí ó sọ pé obì tí àna gbé wá ni iye tí ọmọ wa tó. Olúwa kò gbà. Ní ọdún 1920, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Herbert Macaulay, ẹni tí ó mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí dání. Ní ọdún 1921, àwọn adájọ́ Privy Council dá Olúwa láre: ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, ìwé ìfilọ́lẹ̀ 1861 kò sì gbà á lọ́wọ́ wọn, nítorí náà kí ìjọba san owó rẹ̀ bí ẹni pé odidi ilẹ̀ ni wọ́n rà. Ìdájọ́ ńlá ni. Ó dáàbò bo ẹbí lọ́wọ́ ìjọba. Ohun tí kò ṣe ni pé kí ó dáàbò bo olùrà lọ́wọ́ ẹbí, nítorí kò sí ẹni tí ó béèrè ìyẹn.

Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku gbé wọ Èkó ní ọdún 1924, a dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928, àjọ náà sì la ilẹ̀ Yábàá. Láti ọdún 1955, wọ́n wó apá kan àárín Èkó, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, tí ó kọ ìwé nípa wọn ní ọdún 1961, rí i pé ilé tuntun náà dára, ṣùgbọ́n àwọn ìyá oníṣòwò ti jìnnà sí oníbàárà wọn, àwọn arúgbó sì ti jìnnà sí ọmọ.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, Èkó kún àkúnya. Ní ọdún 1978 ni ọ̀nà márosẹ̀ ṣí, ọdún yẹn náà sì ni òfin ilẹ̀ jáde, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta. Òfin náà fi ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ tí a kò tí ì kọ́lé sí láàrin ìlú kò lè ní ju ìdajì hẹ́kítà lọ, ẹni tí ó bá sì fẹ́ tà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ ti parí. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ tí ó ṣáájú oṣù kẹta 1978 sí orí ìwé ilẹ̀ tí wọ́n rà lẹ́yìn rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ka gbogbo ìwé wọ̀nyí, a ó rò pé òṣù díẹ̀ kí òfin tó dé ni a ta gbogbo igbó náà tán.

Olùrà òde òní wà láàrin ayé méjì yìí. Ó san owó fún ẹbí, ó gba rìsíìtì, ó ń retí ìwé C of O. Bí ó bá da yanrìn, àwọn ọ̀dọ́ dé, wọ́n ń béèrè owó ìpìlẹ̀. Bí ilé bá dé orí dẹ́kìn, wọ́n tún padà. Bí a bá ń kan òrùlé, bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọn a sì máa sọ pé àṣà ni. Èrò mi ni pé òjìji ìṣákọ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òjìji tí ó dorí kodò. Ẹni tí ó gba iṣu àlejò láyé àtijọ́ ti fi ara rẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀jẹ́: bí ẹlòmíràn bá wá gba ilẹ̀ náà, òun ni yóò kọ́kọ́ dìde. Ẹni tí ó gba owó dẹ́kìn lónìí kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan. Bí ẹ̀ka mìíràn nínú ẹbí bá borí nílé ẹjọ́ ní ọdún mẹ́wàá òní, olùrà yóò san owó náà lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí ó gba ti àkọ́kọ́ yóò sì ti ná an tán. Òfin pàápàá kò fi ìyẹn bò: títà tí olórí ẹbí kò lọ́wọ́ sí kò já mọ́ nǹkan kan, èyí tí olórí ẹbí sì dá nìkan ṣe láìsí àwọn àgbà ẹ̀ka, ilé ẹjọ́ lè yí i padà.

Ìwé ìjọba náà kò sì gba gbogbo ènìyàn là. Nígbà tí a wó Màrokò ní oṣù keje ọdún 1990, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó di aláìnílé. Ọ̀pọ̀ wọn ti san owó fún ẹbí onílẹ̀. Wọ́n ti ṣe ohun tí àṣà wí.

Ní ọdún 2016, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó ka fífi agbára gba ilẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè fi ènìyàn sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá lé lórí. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ṣe tirẹ̀ ní ọdún kan náà. Òfin Èkó de àwọn tí ń da iṣẹ́ ilé dúró nítorí owó, síbẹ̀ ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹbí onílẹ̀ láti gba owó tí àṣà là kalẹ̀ nígbà tí olùrà bá ń gba ilẹ̀. Àwọn aṣòfin náà kò lè fa gbòǹgbò yẹn tu. Títí di òní, lọ́yà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ní kí súfeyọ̀ wo ilẹ̀ náà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba bóyá a ti gbẹ́sẹ̀ lé e, yóò sì tún béèrè orúkọ bàbá ńlá tí ó tẹ ilẹ̀ náà dó, iye ìyàwó tí ó ní, àti ẹ̀ka tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan bí, kí ó tó jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ ka owó sílẹ̀.