Jack: Orúkọ Ìránṣẹ́ Tí Ó Di Orúkọ Irinṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá sì wo orúkọ dáadáa, a ó mọ irú ilé tí ó ti jáde wá. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí gbogbo wa ń pè láìfura. Bí táyà ọkọ̀ bá jò lójú ọ̀nà, tí awakọ̀ sì ní kí ọmọ iṣẹ́ òun gbé jáàkì wá, orúkọ ènìyàn ni ó ń pè. Báwo ni orúkọ ènìyàn ṣe wá di orúkọ irin? Ìtàn náà kan gbogbo ọmọ ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi.

Inú orúkọ náà John ni Jack ti jáde. John yìí ni Jòhánù inú Bíbélì, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hébérù sì ni pé Ọlọ́run ṣe oore-ọ̀fẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ a máa fi ìfẹ́ pe ọmọ tí ń jẹ́ John ní Jankin. Jankin di Jackin, Jackin sì di Jack. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé inú Jacques ti àwọn Faransé ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n Jákọ́bù ni Jacques í ṣe, kì í ṣe Jòhánù. E. W. B. Nicholson, olórí ilé ìkàwé Bodleian ní Oxford, ni ó tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ nínú ìwé kan ní ọdún 1892.

John pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn mẹ̀kúnnù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Jack fi di orúkọ fún ẹnikẹ́ni tí ọ̀gá kò bá ṣe wàhálà àti bèèrè orúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni Jack, ìránṣẹ́ ni Jack, atukọ̀ ojú omi náà ni Jack. Ní 1381, nígbà tí àwọn mẹ̀kúnnù dìde nítorí ọ̀ràn owó-orí, Jack Straw ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn. Àwọn lẹ́tà tí ó tàn ká láàrin wọn sì gbé orúkọ Jack tí ń lọ ọkà àti Jack tí ń wa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ní 1450 ẹ̀wẹ̀, Jack Cade kó àwọn ará Kent wọ Lọ́ńdọ̀nù.

Láti ara ìránṣẹ́ ni orúkọ yìí ti bọ́ sí ara irinṣẹ́. Ìránṣẹ́ ni í bọ́ bàtà gígùn lẹ́sẹ̀ ọ̀gá. Nígbà tí a gbẹ́ pákó tí ń ṣe iṣẹ́ náà, a pè é ní jack. Ìránṣẹ́ ni í yí ẹran lórí iná. Nígbà tí a rọ ẹ̀rọ tí ń yí i, jack náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rí èyí tí ń gbé ẹrù wúwo sókè, tí ó di jáàkì àwọn awakọ̀ wa. Ohun tí ó bá kéré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ náà a máa jẹ́ orúkọ yìí; jack ni àwọn atukọ̀ ń pe àsíá kékeré iwájú ọkọ̀ ojú omi. Ní 1606 ni Ọba James Kìíní pàṣẹ pé kí a pa àsíá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Skọ́tíláńdì pọ̀. Ní 1801 a fi àmì Áyálàǹdì kún un, ó sì di Union Jack tí a mọ̀. Àsíá yìí ni ó fẹ́ lórí Èkó láti 1861 títí a fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà òmìnira ní 1960. Orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ ni a gbé sókè lórí ìlú ọlọ́ba.

Nínú káàdì títa pàápàá, orúkọ náà jà. Káàdì tí ó tẹ̀lé ti ayaba ni àwọn ọlọ́lá ń pè ní Knave, èyí tí ó túmọ̀ sí ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn mẹ̀kúnnù ń pè é ní Jack. Nínú Great Expectations, ìwé tí Charles Dickens tẹ̀ jáde ní 1860 sí 1861, ọmọbìnrin ilé ọlá kan fi ọmọkùnrin tí a tọ́ ní ilé alágbẹ̀dẹ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó pe káàdì náà ní Jack. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tí ń tẹ káàdì bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà sí igun rẹ̀, àmì Knave jọ ti King jù. Ni wọ́n bá fi J rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù ni ó borí.

Lónìí, ẹ̀gàn ti kúrò lára orúkọ náà. Láti 1996 títí di 2008, òun ni ó ṣe ipò kìíní lọ́dọọdún láàrin orúkọ tí a ń sọ ọmọkùnrin ní England àti Wales. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà pàápàá, bí wọ́n bá ń kàwé kíkankíkan, wọn a ní àwọn ń jáàkì. Iṣẹ́ àṣekára ṣì ń bá orúkọ náà rìn.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún wa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ iṣẹ́ tí Jack ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò bèèrè ọmọ ẹni tí í ṣe. Àwa náà, nígbà tí a bá ń ròyìn bí a ti la ọ̀nà àti bí a ti kọ́ ilé ìwé ní ìlú wa, a kì í gbàgbé orúkọ ọba, ìjòyè àti olówó tí ó dá owó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gé igi, tí ó ru omi àti iyanrìn, “àwọn ènìyàn” lásán ni a ń pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù wọn ní orúkọ àti oríkì. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ kọ èyí tí bàbá àti ìyá yín sọ fún yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Kí a tó tẹ ìwé ọdún tí ń bọ̀, ó yẹ kí orúkọ wọn ti wà lọ́wọ́ wa.