Sítíárìn Kékeré Kì í Mú Ọkọ̀ Yára Yà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́, láti Òtò àti Ìdó títí dé Mushin: pé bí ènìyàn bá yọ sítíárìn ńlá tó bá ọkọ̀ wá láti iléeṣẹ́, tó fi kékeré rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ náà yóò máa yára yà. Wọ́n á ní ìdajì ìyípo yóò máa ṣe iṣẹ́ tí odindi ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn tún fi kún un pé sítíárìn kékeré máa ń jẹ táyà iwájú. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ ká tún un ṣe, torí àwọn tó gbà á gbọ́ ti náwó sórí ohun tí kò lè fún wọn ní ohun tí wọ́n ń wá, àwọn kan sì ti sọ ọkọ̀ tó dára di ohun tó nira láti wà.

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá. Ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry. Ọdún yẹn náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, ibi tí wọ́n ti ń to 504. Àwọn kan tún wà tó ṣáájú ìwọ̀nyí, bíi Morris Minor, tó ti wà nílẹ̀ kí Nàìjíríà tó fi apá òsì títì sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò ní pówà sítíárìn. Apá awakọ̀ nìkan ló ń yí táyà, àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà sì ro ti apá yẹn kí wọ́n tó pinnu bí sítíárìn yóò ṣe fẹ̀ tó.

Láàárín ọwọ́ awakọ̀ àti táyà iwájú, jíà kan wà nísàlẹ̀ ọ̀pá sítíárìn. Ká sọ pé 15 sí 1 ni ìwọ̀n rẹ̀. Bí sítíárìn bá yí dígírì 15, táyà yóò yà ní dígírì 1. Bí sítíárìn bá yípo lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn dígírì 360, táyà yóò yà ní dígírì 24. Inú jíà ni ìṣirò yìí ti parí. Jíà kò mọ bí ohun tí wọ́n dè sórí ọ̀pá ṣe fẹ̀ tó. Ẹ fi sítíárìn mólúè sí i, ẹ fi ti ọkọ̀ eré ìje sí i, ìyípo kan ṣì ni dígírì 24. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ máa yára yà ní tòótọ́, jíà ni yóò pààrọ̀, tàbí àwọn apá irin tó ń fa táyà.

Kí wá ni sítíárìn kékeré ń yí padà? Agbára tí apá yóò lò ni. Gbogbo mẹkáníìkì ló ti ṣe é rí: nọ́ọ̀tì kọ̀ kò tú, wọ́n fi páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, ó sì tú. Agbára ẹni náà kò pọ̀ sí i, gígùn ohun tó dì mú ló pọ̀ sí i. Gígùn tiwa ni láti àárín sítíárìn dé ibi tí ọwọ́ wà. Bí sítíárìn bá fẹ̀ tó 400 mìlímítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, gígùn yẹn jẹ́ 200. Bí a bá fi 350 rọ́pò rẹ̀, ó di 175, agbára tí apá ń lò yóò sì fi bí ìdá 14 nínú 100 pọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ 300, ìdá 33 ni. Ẹni tó ń fa ìwọ̀n kílò 10 tẹ́lẹ̀ kó tó lè ya ọkọ̀ síbi ìgbọ́kọ̀sí yóò máa fa kílò 13 àti díẹ̀ báyìí. Ìdí nìyẹn tí sítíárìn mólúè, tí wọ́n kàn sórí ẹsẹ̀ Mercedes 911, fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ènìyàn kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ yí ẹrù yẹn láàárín gosíló Oyíǹgbò.

Àwọn tó ní ọkọ̀ wọn ń yára yà kò purọ́ o. Ohun kan wà tí wọ́n ń rí. Ní ìyípo kan lórí sítíárìn 400, ọwọ́ ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 126. Lórí 350, ó ń rin 110. Ìrìn ọwọ́ dín kù, ara sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí pé ọkọ̀ ti yá sí i. Wọ́n tún ń wo ọkọ̀ eré ìje, wọ́n rí sítíárìn kékeré nínú rẹ̀, wọn ò sì rí i pé jíà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ ilé. Ẹni tó bá ṣì ń ṣe iyèméjì lè dán an wò. Kí ó fi téèpù sàmì sókè sítíárìn, kí ó gbé iwájú ọkọ̀ sókè pẹ̀lú jáàkì, kí ó sì fi igi ìdúró tó lágbára tì í. Kí ó yí sítíárìn ní ìyípo kan láti àárín, kí ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ níbi tí táyà dúró. Lẹ́yìn náà kí ó de sítíárìn kékeré, kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà kan náà ni yóò bá.

Ọ̀rọ̀ táyà jíjẹ ló gba sùúrù jù, torí pé òtítọ́ kan fara pamọ́ sínú rẹ̀. Sítíárìn kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú bí táyà ṣe dojú kọ títì. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń dè é. Ẹni tó ṣiṣẹ́ náà kò tò ó sí àárín dáadáa, sítíárìn wá wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tààrà. Ohun tó yẹ ni kí ó tú u, kí ó sún un ní eyín kan tàbí méjì lórí ọ̀pá. Dípò bẹ́ẹ̀, ó lọ sábẹ́ ọkọ̀, ó ń yí táì rọ́ọ̀dù títí tí sítíárìn fi tọ́. Bí ó bá yí apá kan láìyí èkejì ní ìwọ̀n kan náà, ojú táyà méjèèjì ti yàtọ̀ nìyẹn, wọn yóò sì máa jẹ. Nínú Ìjàpá, ewu kejì tún wà. Wọ́n ṣe jíà sítíárìn rẹ̀ kí ó le mọ́ra jù ní àárín gan-an, níbi tí ọkọ̀ ti ń lọ tààrà. Bí ó bá ti kúrò níbẹ̀, àyè díẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fi táì rọ́ọ̀dù tún sítíárìn ṣe ti gbé jíà kúrò ní àárín. Ọkọ̀ náà yóò máa rìn gbéregbère lórí afárá Carter, wọn yóò sì ní sítíárìn kékeré ló fà á. Iṣẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa ló fà á.

Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ sítíárìn. Ó ń fún itan láyè lábẹ́ rẹ̀, pàápàá fún ẹni tó sanra tàbí tó ga, ó sì ń buyì kún inú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ́ńjìnnì wà ni kí a kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yìn ni ti Ìjàpá wà, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ ló sì wà níwájú, nítorí náà ó lè gba 350 láìni awakọ̀ lára púpọ̀. Iwájú ni ti 504 wà. Bí kò bá ní pówà, 380 ni mo lè fọwọ́ sí, n kò ní lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jókòó síbi awakọ̀, ẹ fi sítíárìn náà síwájú yín, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì rí ojú aago eré. Aago kan ṣoṣo ló wà lójú Ìjàpá, etí sítíárìn kékeré sì lè bò ó.

Ní ọjà Ládipọ̀, ẹ má ra sítíárìn láìra họ́ọ̀bù tó bá eyín ọ̀pá ọkọ̀ yín mu. Ihò mẹ́fà ni sítíárìn Momo àti ti Nardi ní, ṣùgbọ́n orí òbìrípo 70 mìlímítà ni ti Momo wà, ti Nardi wà lórí 74. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò fi fáìlì fẹ ihò náà kó lè wọ̀, ẹ gba owó yín padà. Kí rìwáyà so wáyà hóònù kí wọ́n tó fún nọ́ọ̀tì àárín pa, kí ẹ sì yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì kí ẹ rí i pé tíráfíkétọ̀ ń pa ara rẹ̀. Ọkọ̀ tọ́kùnbọ̀ tó ní èábáàgì nínú sítíárìn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má yọ tirẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ pé líle ni sítíárìn ọkọ̀ yín ti ń le kí ẹ tó ronú àtipààrọ̀ rẹ̀, ẹ lọ bá fọkanáísà kó wo afẹ́fẹ́ táyà iwájú, kí ẹ sì ní kí mẹkáníìkì fa gíríìsì sí gbogbo imú gíríìsì tó wà lára ágísù iwájú, kí ó wo ọ́ìlì inú jíà sítíárìn náà.