Fèrèsé Orí Ilẹ̀kùn: Bíbò àti Ọ̀ṣọ́ Rẹ̀

Fèrèsé orí ilẹ̀kùn ni fèrèsé kékeré tó máa ń wà lókè ilẹ̀kùn, tí igi ìdábùú kan sì pààlà sáàárín àwọn méjèèjì. Òmíràn ní igun mẹ́rin, òmíràn rí bí ìlàjì òṣùpá. Ó ń fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì. Èyí tó bá ṣeé ṣí tún ń jẹ́ kí ooru tó gbára jọ sábẹ́ àjà ráyè jáde.

Ìtàn

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó di ẹwà iwájú ilé ní London àti Dublin; irin tín-ín-rín ni wọ́n ń tò sáàárín gíláàsì rẹ̀ bí ìtànṣán oòrùn. Nígbà tó yá, àwọn ará London ń fi wúrà kọ nọ́ńbà ilé sí i. Ní Japan, pákó gbígbẹ́ tí wọ́n ń pè ní ranma ló ń wà níbẹ̀, àwọn agbẹ́gi ìlú Inami sì lókìkí nínú iṣẹ́ yìí. Ní Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì àti òtẹ́ẹ̀lì ló ní in kí ẹ̀rọ amúlétutù tó gbòde; ọ̀pá irin gígùn ni wọ́n fi ń ṣí i láti ìsàlẹ̀.

Bíbò rẹ̀

Bó bá jẹ́ ojú ará òde lèèyàn ń sá fún, ọ̀rá alálẹ̀mọ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ló rọrùn jù. Wọ́n á fọ gíláàsì mọ́, wọ́n á wọ́n omi ọṣẹ sí i, wọ́n á tẹ́ ọ̀rá náà lé e, wọ́n á sì fi ike pẹlẹbẹ ti omi abẹ́ rẹ̀ láti àárín lọ sí etí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ gé èyí tó bá yọ.

Kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹ èyí tó rí bí ìlàjì òṣùpá. Ọ̀pá tó tẹ̀ ni wọ́n ń fi aṣọ náà kọ́. Ìṣẹ́po rẹ̀ á pàdé láàárín ìsàlẹ̀, wọ́n á sì fi bọ́tìnnì ńlá bo ojú ibẹ̀. Kí èèyàn kọ́kọ́ fi bébà gba ìwọ̀n rẹ̀ kó tó gé aṣọ, nítorí ó ṣòro kí méjì dọ́gba.

Níbi tí ẹ̀fọn bá wà, nẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó ṣáájú. Irin oníṣẹ́ ọnà sì ń dènà olè láìdí atẹ́gùn.

Kíkan pákó pa á ló burú jù. Ilé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á máa tan iná lọ́sàn-án, ooru á sì há mọ́ inú rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ tó bá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn kọjá ló tọ́ sí i.