Bí Orí Ọmú Ṣe Padà Sí Àyà Obìnrin

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà wá sílé, ọ̀dọ̀ wa ní Ìbàdàn ló sì dé sí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a ti gbọ́ pé wọ́n gé ọmú rẹ̀ òsì nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ó ti jáde láti ilé ìwẹ̀ tí ó ró ìró mọ́ ìdí, Màmá Àgbà tó bí i ní kí ó wá jókòó ti òun. Ọmú méjèèjì wà níbẹ̀. Orí ọmú méjèèjì wà níbẹ̀. Màmá Àgbà na ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò kan orí ọmú òsì, ló bá yára gbé ọwọ́ kúrò.

"Ó mà tẹ́jú pẹrẹsẹ!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Tàdáwà ni. Wọ́n fín in sí i ni."

Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú korobá omi lè búra pé orí ọmú náà yọ síta bí ìkejì rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ wa wá ní kí a kọ ìtàn ohun kan tí ènìyàn ṣe tí ó yí ayé padà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ nípa ogun àti ọkọ̀ òfuurufú. Èmi mú orí ọmú. Ojú lè ti àwọn kan láti kà á, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mu ọmú nínú wa tí ojú yóò ti.

Ìpínlẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé gan-an ni ìtàn náà ti gbérasọ. Ní ìlú Baltimore, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins, oníṣẹ́ abẹ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Halsted. Ní ọdún 1894 ó tẹ ìròyìn kan jáde lórí 50 obìnrin tí ó ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ó gbà pé jẹjẹrẹ dà bí èpò: bí gbòǹgbò rẹ̀ bá kù díẹ̀ nínú ilẹ̀, yóò tún hù. Nítorí náà, ó máa ń gé gbogbo ọmú náà pẹ̀lú awọ rẹ̀, ẹran àyà tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti àwọn kókó kéékèèké abẹ́ abíyá, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe pè é ní ìkà ènìyàn. Àwọn obìnrin ìgbà náà kì í tètè wá. Kókó tó wà lọ́mú wọn ti máa ń tóbi kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀nà Halsted sì dín bí jẹjẹrẹ ṣe ń padà sí ojú ibi tí wọ́n gé kù gan-an. Ṣùgbọ́n àyà ẹni tí wọ́n ṣe é fún a máa jìn wọnú, egungun ìhà a máa hàn lábẹ́ awọ, apá mìíràn a sì wú títí ayé.

Halsted kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹran ara láti ibòmíràn wá bo ojú ibẹ̀. Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn, nítorí pé àwọn mìíràn ti ń gbìyànjú rẹ̀. Ní ọdún 1895, ọdún kan péré lẹ́yìn ìròyìn Halsted, Vincenz Czerny ní ìlú Heidelberg, ní Jámánì, mú kókó ọ̀rá kan tó tó ìkúùkù láti ẹ̀yìn olórin obìnrin kan, ó sì fi dípò ọmú tí ó ti gé fún un. Iginio Tansini ní Ítálì sì fi hàn bí ènìyàn ṣe lè yí ẹran ẹ̀yìn wá sí iwájú láìjá ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ Halsted ló borí. Ọ̀nà Tansini wọ inú ìgbàgbé, ó di nǹkan bí ọdún 1975 sí 1977 kí àwọn oníṣẹ́ abẹ tó tún gbé e jáde.

Obìnrin kan ní Maryland kan náà wà lára àwọn tó ṣí ilẹ̀kùn náà. Akọ̀ròyìn ni Rose Kushner. Ní ọdún 1974 ó rí kókó kan lọ́mú ara rẹ̀. Àṣà ìgbà náà ni pé obìnrin yóò sùn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ láìmọ̀ bóyá òun ní jẹjẹrẹ. Wọn yóò yẹ kókó náà wò nígbà tí ó bá ń sùn lọ́wọ́, bí ó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ, wọn yóò gé ọmú náà lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tó bá jí, tó fọwọ́ kan àyà, ni yóò tó mọ̀. Kushner ní òun kò gbà. Ó tẹ dókítà kan láago, ó tẹ òmíràn, títí ó fi rí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó sì jẹ́ kí ó jí kí ó fúnra rẹ̀ pinnu. Ó kọ ìwé lé e lórí. Ní ọdún 1979, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba pè jọ ní Bethesda, tí òun náà wà nínú rẹ̀, ní kò sí ìdí láti máa gé ẹran àyà gbogbo obìnrin mọ́. Bí ẹran àyà ti kù nílẹ̀, oníṣẹ́ abẹ ní ohun tí yóò kọ́ ọmú tuntun lé.

Ọmú tuntun náà wá di òkìtì tí kò ní orí.

Oríṣiríṣi ọgbọ́n ni wọ́n ta. Àwọn kan gé ìdajì orí ọmú kejì wá lẹ̀ mọ́ ti tuntun. Àwọn kan mú awọ inú itan, nítorí pé ó dúdú ju awọ àyà lọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gé orí ọmú tí jẹjẹrẹ wà nínú ọmú rẹ̀, wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn aláìsàn náà bí ẹni fi owó pamọ́ sí báńkì, wọn a sì dá a padà sí àyà nígbà tí ọmú tuntun bá jinná. Wọ́n dáwọ́ ìyẹn dúró nígbà tí wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ lè bá orí ọmú náà rìn lọ sí ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni wọ́n rí ọ̀nà tó rọrùn jù. Wọ́n ń lo awọ ọmú tuntun náà fúnra rẹ̀. Ẹ rántí bí ìyá ẹlẹ́pà ṣe ń ká bébà kó tó da ẹ̀pà sí i. Oníṣẹ́ abẹ yóò fi bíró ya àwòrán sára awọ, ọ̀kan dà bí ẹja tó ní apá méjì, òmíràn dà bí ìràwọ̀. Yóò gé etí àwòrán náà, ṣùgbọ́n kò ní gé ìdí rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa bá a wọlé. Yóò wá gbé e nàró, yóò ká apá rẹ̀ méjèèjì yí i ká, yóò sì rán an. Iṣẹ́ náà kì í pẹ́. Ìyọnu rẹ̀ ni pé orí ọmú náà máa ń sún kì: ó lè dín tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tóbi jù níbẹ̀rẹ̀. Kò lè fún ọmọ lọ́mú, kì í sì í sábà mọ ìgbà tí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án.

Àwọ̀ ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti tàdáwà ṣe, bí àwọn olóólà wa ṣe ń ti dúdú bọ inú ojú ilà tí wọ́n bá fín sára. Ṣùgbọ́n roboto kan ṣáá ni ti ilé ìwòsàn, àwọ̀ kan náà láti etí dé àárín, bí owó kọ́bọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àyà. Ó di ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà. Ní Finksburg, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Baltimore, Vinnie Myers tó ń fín ara fún ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fín orí ọmú bí ayàwòrán: ó fi dúdú sí ibi tí òjìji yẹ kí ó wà, ó fi àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ yẹ kí ó bọ́ sí. Awọ pẹrẹsẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ohun tó yọ síta. Ohun tó tan èmi náà jẹ lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Òfin náà ti wà nílẹ̀. Láti ọdún 1998, iléeṣẹ́ adójútòfò ní Amẹ́ríkà tó bá ń sanwó ọmú gígé gbọ́dọ̀ sanwó àtúnkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, títí kan iṣẹ́ lórí ọmú kejì kí méjèèjì lè bára mu.

Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló fẹ́ ẹ. Audre Lorde, akéwì adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ń dárúkọ Yemọja nínú ewì rẹ̀, kọ̀ láti fi ohunkóhun dí àyè ọmú rẹ̀ tí wọ́n gé. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1980, ó sọ bí nọ́ọ̀sì kan ní ọ́fíìsì dókítà rẹ̀ ṣe bá a wí pé bí ó ṣe wá láìfi ọmú àtọwọ́dá sí i kò dára fún ọkàn àwọn tó kù níbẹ̀. Inú bí Lorde gidigidi. Mo ka ìtàn náà fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo rò pé yóò bá a jiyàn. Ó ní òótọ́ ni obìnrin náà sọ.

"Kí ló dé tí ẹ̀yin wá ṣe é, Mà?"

"Mo fẹ́ wẹ̀ kí n má máa rántí. Lójoojúmọ́ ni mo ń wẹ̀."

Màmá Àgbà, tí a rò pé ó ti sùn lórí àga, là ojú. Ó ní kí ó tún sún mọ́ òun. Ó wò ó lọ wò ó bọ̀, ọ̀tún sí òsì, ó ní èyí tí wọ́n fín yìí pọ́n ju ìkejì lọ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní tàdáwà a máa ṣá, òun yóò padà lọ bá wọn kí wọ́n tún un fín.

"Sọ fún wọn kí wọ́n fi dúdú sí i," ni Màmá Àgbà wí. "Èmi ni mo bí ọ, mo mọ bí ó ṣe rí."