Ìwé Ilẹ̀ Lọ́tọ̀, Ìwé Ìkọ́lé Lọ́tọ̀: Bí Wọ́n Ṣe Tẹ Lekki àti Ajah Dó

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ètò ìlú ní ìpínlẹ̀ Èkó gbé orúkọ ẹsitéètì 176 jáde, pé àwọn tó ni wọ́n kò gba àṣẹ kí wọ́n tó gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì. Ẹti-Ọ̀sà, Ajah, Ìbẹ̀jú-Lekki àti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n wà. Ọjọ́ 21 ni ìjọba fún wọn kí wọ́n wá tún ìwé wọn ṣe. Ìròyìn náà kó jìnnìjìnnì bá àwọn tó ti sanwó ilẹ̀, nítorí kì í ṣe ọwọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi rà á: ìwé ìdílé wà, sọ́fè wà, gáṣẹ́ẹ̀tì wà, ẹlòmíràn tilẹ̀ ní C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí. Ọmọ onílẹ̀ àti dẹfẹ́lọ́pà ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ẹ̀bi wọn sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìtàn ilẹ̀ yìí wò láti ìdí, a ó rí i pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló kọ́ ará Èkó pé ẹni tó bá ti ní ìwé ilẹ̀ lè máa kọ́lé lọ. Òfin tó ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀ àti òfin tó ń sọ ohun tí ilẹ̀ lè gbà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà wọ Èkó, ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé títí di òní, ọjọ́ tí omi tàbí títì bá fẹ́ kọjá ni ìjọba sì máa ń rántí èkejì.

Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó na gbọọrọ láàárín ọ̀sà àti òkun yìí, ilẹ̀ apẹja àti olóko àgbọn ló jẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Irà àti yanrìn ló kún ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí kó wo ọgbà ìdáàbòbò igbó àti ẹranko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lekki ní 1990, hẹ́kítà 78 tí ọ̀bọ ṣì ń fò lórí igi rẹ̀ tí omi sì dúró nísàlẹ̀. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun, ló ni ilẹ̀ náà: Onírù lápá Ìrú, Ẹlẹ́gúṣì ní Ikate, Olúmẹgbọ́n ní Ajah. Nígbà tí Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, òyìnbó rò pé ilẹ̀ ti bá ìjọba lọ. Ó tó ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó gbọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, pè wọ́n lẹ́jọ́, Herbert Macaulay bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, nígbà tó sì di 1921, ilé ẹjọ́ Privy Council dájọ́ pé alákòóso ló yí padà, onílẹ̀ kò yí padà. Ìṣẹ́gun ńlá ni fún àwọn ìdílé, ó sì tọ́ sí wọn. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Èkó di ọ̀rọ̀ lọ́yà, awọnlẹ̀ àti ẹlẹ́rìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀: ta ló ni ín? Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tí omi rẹ̀ ń gbà lọ.

Ara eku ni òfin kejì, èyí tó ń sọ ohun tí ilẹ̀ lè gbà, ti wá. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ó sì jà fún ọdún mélòó kan. Òun ló mú kí ìjọba ṣe òfin ètò ìlú ní 1928, tí wọ́n sì dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí LEDB. Láti ìbẹ̀rẹ̀, wíwó ilé tí wọ́n kà sí ẹlẹ́gbin wà lára iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ní 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn erékùṣù Èkó, wọ́n kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, òyìnbó kan tó ṣèwádìí nípa wọn tó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1961, rí i pé ilé tuntun mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oníbàárà àwọn oníṣòwò kò tẹ̀ lé wọn lọ, ẹbí sì fọ́n ká. Abájọ tó fi jẹ́ pé bí ará Èkó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ètò ìlú, katapílà ló kọ́kọ́ ń rí lójú ọkàn rẹ̀. Síbẹ̀, kí a má purọ́ mọ́ LEDB. Ní Àpápá, ní apá kan Ìkòyí àti ní Victoria Island, ó gba ilẹ̀, ó da yanrìn kún irà, ó gbẹ́ ojú àgbàrá, ó la títì, lẹ́yìn náà ló tó pín púlọ́ọ̀tì. Bó ṣe tò ó tẹ̀ léra wọn yẹn ló ṣe pàtàkì. Orí ilẹ̀ tó bá ti gbà nìkan ló sì ti ń ṣe é. Lẹ́yìn odi ilẹ̀ yẹn, ní Ajah àti àwọn abúlé etí òkun, kò sẹ́ni tó ya àwòrán ìlú fún ẹnikẹ́ni.

Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣe ní oṣù kẹta ọdún 1978 ló yẹ kó so òfin méjèèjì pọ̀, nítorí ó gbé gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Ìjọba Jákàńdè la títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́, nǹkan bíi kìlómítà 49, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Ìjọba na ọwọ́ lé ilẹ̀ rẹpẹtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà pé tòun ni, àwọn abúlé tó wà nínú rẹ̀ sì di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gé tiwọn sílẹ̀ fún wọn, ohun tí wọ́n ń pè ní excision, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú gáṣẹ́ẹ̀tì. Wo bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ajah ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Awọnlẹ̀ á mú nọ́ńbà àwọn igun ilẹ̀ náà, níbi òpó kọnkéré kúkúrú tí wọ́n rì mọ́ ọn. Wọ́n á gbé nọ́ńbà wọ̀nyí lọ sí ọ́fíìsì Awọnlẹ̀ Àgbà ní Alausa láti fi wé máàpù ìjọba. Ó lè jáde pé ilẹ̀ náà ti bọ́; ó lè jáde pé ó ṣì wà lábẹ́ ìjọba ṣùgbọ́n ó ṣeé tún ìwé rẹ̀ ṣe; ó sì lè jẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ pátápátá fún iṣẹ́ tirẹ̀, èyí tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ ń pè ní committed. Bó bá ti bọ́, olùrà á dúpẹ́, á sanwó, á pe bíríkìlà. Iye àjà tó lè kọ́, bóyá ibẹ̀ wà fún ilé gbígbé tàbí fún ọjà, bóyá ojú àgbàrá gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ọ́fíìsì mìíràn ni wọ́n ti ń bèèrè ìyẹn, ọ̀pọ̀ kì í sì í débẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ìjọba kò sùn, pé ó ti gbìyànjú láti tún apá ibẹ̀ ṣe, kó sì tọ́ka sí Màrókò, ìletò àwọn tálákà tó wà lẹ́bàá Victoria Island nígbà náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki wó Màrókò, wọ́n sì fojú bù ú pé àwọn tó lé jáde tó 300,000. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ilẹ̀ náà lọ sílẹ̀ jù, òkun lè bò ó, kò sì sí ìmọ́tótó. Bí omi bá jẹ́ ìdí gan-an, kí ló dé tí wọ́n fi kó díẹ̀ nínú àwọn onílé ibẹ̀ lọ sí Ilasan àti Ikota, tí wọ́n wà lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà, nínú ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí? Màrókò fúnra rẹ̀, yanrìn ni wọ́n dà sí i. Apá kan di ẹsitéètì Onírù, apá kan di ara Victoria Island, àwọn olówó sì ń gbé ibẹ̀ wọ̀ọ́rọ̀wọ́. Ilẹ̀ tí kò yẹ fún tálákà kò pẹ́ tó fi yẹ fún ọlọ́rọ̀. Ẹ̀kọ́ tí àwọn tó ń gbé Ajah àti Sangotedo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìwé ilẹ̀ ni ààbò, pé ẹni tí kò bá ní i ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ètò ìlú lé jáde. Wọ́n sì di ìwé ilẹ̀ mú gírígírí.

Òfin kò wọ́n lẹ́yìn ìgbà náà. Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú wà, kì í ṣe ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní 2010, ìjọba Fáṣọlá ṣe òfin tuntun tó dá LASPPPA sílẹ̀ láti máa fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé, àti LASBCA láti máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ojú àgbàrá kò sí lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Iléeṣẹ́ àyíká ló ni ín. Ìyapa yìí ló hàn gbangba ní 2023 àti 2024, nígbà tí iléeṣẹ́ àyíká bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé tó wà lójú ọ̀nà omi tí wọ́n ń pè ní System 156 àti System 157, èyí tó gba Agungi, Osapa àti Ikota lọ sí ọ̀sà. Àwọn onílé kan na ìwé jáde. Ìjọba fèsì pé C of O kì í ṣe àṣẹ láti dí ojú omi. Òótọ́ ni ìjọba sọ, omi sì gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹni tó bá rí omíyalé ní Lekki lásìkò òjò kò ní bá wọn jiyàn. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà tó ní ojú omi lórí máàpù rẹ̀ ló ń gba owó ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́lé sí etí rẹ̀. Ìdájọ́ náà tọ́, ó kàn jẹ́ pé adájọ́ wà lára àwọn tó gbowó.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ètò ìlú máa ń sọ pé èrò ló pọ̀ jù, pé kò sí ìjọba tó lè sáré bá Èkó. Ì bá jẹ́ ìdáhùn tó tẹ́rùn bó bá jẹ́ pé ibi tí kò ní ètò nìkan ni nǹkan ti dàrú. Lekki Phase 1 ní ètò. Ìjọba ló gé e, ilé gbígbé ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n là á fún. Ẹ wo Admiralty Way lónìí: báńkì, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù ló tò lọ bẹẹrẹ. Ilé kọ́kọ́ yí padà, ìwé àṣẹ ìyípadà sì tẹ̀ lé e nígbà tó bá wá rárá. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ èrò ló fa ìyẹn. Àwọn onílé ti mọ̀ pé ìjọba máa ń dárí jì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ fún àwọn tó kọ́lé láìgba àṣẹ ní ọjọ́ 90 láti wá gba ìwé láìsan owó ìtanràn, ó sì tún sún ọjọ́ náà síwájú. Mo lóye ìdí rẹ̀: ilé tó ti dúró ṣòroó wó, owó tó ń wọlé sì dára. Àmọ́ ẹni tó gba àṣẹ ní àkókò tó yẹ, tó dúró de ìwé kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kò rí èrè kankan lórí ẹni tó kọ́ tirẹ̀ lóru.

Àtakò kan ṣì kù tó wúwo ju àwọn yòókù lọ: pé bí ìpínlẹ̀ bá tilẹ̀ so ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìkọ́lé pọ̀, Àbújá ṣì lè dà á rú. Títì etí òkun láti Èkó sí Calabar, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2024, gba Landmark Beach kọjá, ó sì dé Okun-Ajah, níbi tí àwọn ará ìlú ti fẹ̀hónú hàn pé ọ̀nà náà ti yà kúrò níbi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ní oṣù kìíní ọdún kan náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbé ojú omi inú ilẹ̀ fún NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀. Mi ò ní ìdáhùn tó lè mú Àbújá dákẹ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kéré sí ìyẹn, ó sì ṣeé ṣe: kí máàpù tí wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀ wò ní Alausa gbé ojú àgbàrá, títì àti irú ilé tí ibẹ̀ gbà sórí ìwé kan náà pẹ̀lú orúkọ onílẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri káńsù Ẹti-Ọ̀sà East ní Ajah. LEDB so wọ́n pọ̀ lórí ilẹ̀ tó gbà. Ohun tí Èkó kò tíì dán wò ni ṣíṣe é lórí ilẹ̀ ìdílé láìlé ẹnikẹ́ni. Apá Ìbẹ̀jú ni àyè kù sí fún irú rẹ̀, kò sì pọ̀ mọ́, nítorí láti ìgbà tí èbúté Lekki ti ṣí ní 2023 tí ilé ìfọpo Dangote sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni àwọn ìdílé ibẹ̀ ti ń tà.