Òjò àti Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Fóònù: Ohun tí Ìwádìí Ilé-Ifẹ̀ Fi Yé Wa

Lásìkò òjò, ìbéèrè kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Ẹdẹ: kí ló dé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù fi máa ń lọ bí òjò bá ti ń rọ̀ kíkankíkan? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Fóònù ni ọlọ́jà fi ń gba owó, òun ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ka ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní ìlú náà: Gbogboǹṣe Ìjọba Àpapọ̀, Yunifásítì Redeemer's àti Yunifásítì Adeleke. Ẹni tí àìsàn bá kọ lù lóru, fóònù ni yóò fi ké sí ìrànwọ́. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí.

Láti ìlù dé GSM

Ìdíwọ́ ojú-ọjọ́ fún iṣẹ́ tí a rán kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Ẹdẹ, ìlú Tìmì John Adétòyèsé Láoyè, ọba tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ ìlù, tó sì wà lórí ìtẹ́ láti 1946 sí 1975, kò sí àyàn tí kò mọ̀ pé bí awọ dùndún bá mu omi, ohùn rẹ̀ kò ní já gaara mọ́. Tẹlifóònù oníwáyà ti NITEL dé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló ní in. Ọdún 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. 5G sì dé ọwọ́ àwọn oníbàárà ní 2022.

Bí òjò ṣe ń dí ọ̀nà

Orí ìgbì rédíò ni ohùn àti dátà ń gùn láti inú fóònù dé máàsì tó wà nítòsí. Ìgbì gígáháàsì 3.5, tí àjọ NCC tà fún iṣẹ́ 5G ní Oṣù Kejìlá 2021, gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8.5. Ẹ̀kán òjò kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ, nítorí náà kò lè dí ìgbì náà lọ́wọ́ púpọ̀.

Àárín máàsì kan sí èkejì ni wàhálà wà. Níbi tí okùn fáíbà kò bá dé, àwọn àwo tó wà lórí máàsì ló ń ju ọ̀rọ̀ síra wọn. Ìgbì kúkurú ni wọ́n sábà ń lò, bíi gígáháàsì 15 tàbí 23, tí gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2. Bí ìgbì bá ṣe kúrú sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kán òjò ṣe ń gba agbára rẹ̀ tó, tó sì ń tú u ká. Ohun kan náà ló ń mú kí àwòrán tẹlifíṣàn onísátẹ́láìtì pòórá.

Iṣẹ́ tí a ṣe ní Ifẹ̀

Inú òjò Amẹ́ríkà àti Kánádà ni àwọn ìṣirò ẹ̀kán òjò tí ayé ń lò tẹ́lẹ̀ ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. Ajayi wọn ẹ̀kán òjò ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Ní 1985, òun àti R. L. Olsen ará Kánádà tẹ ìṣirò tuntun jáde, èyí tó bá òjò ilẹ̀ olóoru mu. Àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí i títí di òní. Ajayi náà ló kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ NITDA.

Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí onímọ̀-ẹ̀rọ mọ bí máàsì ṣe gbọ́dọ̀ súnmọ́ra tó, agbára tí yóò fi pamọ́ de ọjọ́ òjò, àti ibi tí fáíbà ti sàn jù. Ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́ ló ń fa ìdíwọ́: iná tó lọ níbi máàsì, tàbí fáíbà tí àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ gé, lè fa irú rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe

• Bí ìpè kò bá lọ, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ó lè dúró de ọ̀nà títí yóò fi là.
• Bí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ kò bá tètè dé, ẹ má tún un fi ránṣẹ́ kí ẹ tó wo àkáǹtì yín.
• Ẹ fi ẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín lórí 300. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe NCC lórí 622.
• Fún pàjáwìrì, ẹ pe 112 lọ́fẹ̀ẹ́.
• Kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀ létí títì, ẹ béèrè bóyá okùn fáíbà wà níbẹ̀.