Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n Nídìí Kọ̀ǹpútà

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí kò tàbùkù àgbà. Ohun tó ń wí ni pé ọgbọ́n ẹnì kan kì í tó o lò. Ohun tí ẹlòmíràn ti wádìí, tó sì ti yẹ̀ wò, ni àgbà fi ń kún tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà wí gan-an: iṣẹ́ tí ẹnì kan ti ṣe parí, tí èso rẹ̀ wà nílẹ̀, kí ló dé tí gbogbo ayé á tún máa ṣe é?

Ẹ wo NumPy, tí àwọn tó ń fi èdè Python ṣe ìṣirò gbára lé. Èdè C ni wọ́n fi kọ apá tó pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ yí kóòdù náà padà sí èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Láyé ìjọ́un, ẹni tó bá fẹ́ ẹ lórí Linux sábà máa ń ṣe wàhálà yìí fúnra rẹ̀. Á wá compiler, ìyẹn ètò tó ń yí kóòdù padà, á wá àwọn ohun èlò tó so mọ́ ọn, á sì jókòó tì í. Bí ẹyọ kan bá dín, gbogbo rẹ̀ á forí ṣánpọ́n.

Ní 2012 ni wọ́n dábàá fáìlì tí wọ́n ń pè ní wheel. Àwọn tó ni ètò náà á ti yí kóòdù padà tán, wọ́n á dì í sínú fáìlì kan; pip, ètò tí wọ́n fi ń gbé ètò Python wálẹ̀, á kàn gbé e wá, á tú u sáyè rẹ̀. Ìlànà manylinux ti 2016 wá jẹ́ kí fáìlì kan náà ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi Linux. Alpine Linux kò sí lára wọn, torí pé àkójọ kóòdù C tó ń jẹ́ musl ló ń lò, kì í ṣe glibc tí ìlànà náà gbára lé. Ẹni tó yàn án nítorí pé kò gbàyè lè rí i pé pip tún ń kọ́ gbogbo nǹkan látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 2021 ni ìlànà musllinux dé fún irú rẹ̀.

Síbẹ̀, ó níbi tí fífo iṣẹ́ ti léwu.

Ní ilé ìwádìí Bell Labs, Steve Johnson, tó ń kọ ètò, ń wá àṣìṣe kiri nínú ètò kan tó ti tún ṣe. Kò tíì yí kóòdù tuntun náà padà; fáìlì àtijọ́ ló ṣì ń lò. Ìyẹn ló mú kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Stuart Feldman, ṣẹ̀dá Make, ètò tó ń bójú tó kíkọ́ ètò, ní 1976. Make máa ń wo àkókò tí wọ́n fọwọ́ kan fáìlì gbẹ̀yìn: èyí tí kóòdù rẹ̀ bá tuntun ju èso rẹ̀ lọ nìkan ni yóò tún kọ́. Ẹ̀rí ló jẹ́ kó lè fo ìyókù láìséwu.

Ẹ̀rí kan náà la nílò lónìí. Ẹni tó bá lo `pip install -e` yóò rí àtúnṣe tó ṣe sí Python lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá fọwọ́ kan kóòdù C, ó sábà máa ń gba pé kó tún un kọ́. Bí pip bá sì ń kọ “Building wheel” ní gbogbo ìgbà, fáìlì tó ti ṣetán ni kò rí. Àṣẹ `--only-binary :all:` yóò dá a dúró: ó lè mú ẹ̀dà àtijọ́ tó ní fáìlì náà, tàbí kó sọ gbangba pé òun kò rí ọ̀kankan.